Gbèsè Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Àbúrò mi ọkùnrin wọlé sí ẹ̀ka wa lọ́dún yìí. Law ló béèrè fún nígbà tó ń kọ ìdánwò JAMB, Archaeology and Anthropology ni wọ́n fún un. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Bí wọ́n bá ní kí àwọn tó dìídì yan kọ́ọ̀sì yìí na ọwọ́ sókè ní kíláàsì ọdún kìíní, ọwọ́ tí a máa rí kò ní pọ̀. Èmi gan-an, Communication and Language Arts ni mo kọ́kọ́ fi ojú sí.

Màmá wa ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí Law. Ìbéèrè ẹyọ kan ṣoṣo ló ní: ṣé owó tí kọ́ọ̀sì yìí máa mú wálé tó owó tí a máa ná sí i? Ó ní èmi ni mo ti débẹ̀ rí, kí n dáhùn, kí n sì dáhùn kíákíá, torí pé owó acceptance ní ọjọ́ tó máa parí.

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀ láti rí owó náà. Bàbá wa ra pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan sí Ibafo nígbà tí apá ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. A ta ààbọ̀ rẹ̀ ní 2018 kí èmi lè kàwé. Ààbọ̀ kejì ṣì wà níbẹ̀, koríko ló bò ó. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a ta ààbọ̀ tó kù. Ọ̀nà kejì ni pé kí àbúrò mi gba owó yíyá ìjọba, èyí tí NELFUND ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Màmá wa, tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ifọ̀, kò fẹ́ gbọ́ ti ọ̀nà kejì sétí rárá. Ó ní òun ò ní fi ọwọ́ ara òun ti ọmọ sínú gbèsè.

Mo fi bí ọ̀sẹ̀ méjì jókòó ti bírò àti ìwé. Mo ń kọ ohun tí mo rí síbí nítorí mo mọ̀ pé ilé màmá mi nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń bèèrè rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ìmọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi owó wọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni màmá mi bi mí, ọ̀rọ̀ owó náà ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú owó tí owó yíyá yìí jẹ́. Ní June 12, 2023 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin àkọ́kọ́. Òfin yẹn le koko: bí owó tó ń wọlé fún ìdílé yín bá ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, kò kàn yín, bí ó bá sì kàn yín, ẹ gbọ́dọ̀ wá onígbọ̀wọ́ méjì. Ní April 3, 2024, wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó pa ààlà 500,000 yẹn rẹ́ tó sì mú ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ kúrò. Ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní May 24 ọdún kan náà. Owó náà pín sí méjì. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ ò fojú kàn án. 20,000 náírà lóṣooṣù sì wà fún oúnjẹ àti ìnáwó, èyí tó ń wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Kò lélé. Wọn ò ní béèrè rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹ bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Bí ẹ bá sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, agbanisíṣẹ́ yín á máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù yín. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún, nítorí náà ọmọ àdúgbò wa tó bá ń lọ sí Mountain Top University, tó wà lójú ọ̀nà wa gan-an ní Ibafo, kò lè fọwọ́ kàn án.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. 20,000 lóṣù, tó bá wọlé ní gbogbo oṣù, jẹ́ 240,000 lọ́dún, ọdún mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 960,000. Ẹ jẹ́ ká fi owó ilé-ẹ̀kọ́ sí 100,000 lọ́dún, kí ìṣirò lè rọrùn. Tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ di 1,360,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ láti July 2024 jẹ́ 70,000. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 7,000. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn máa fi oṣù 195 san gbèsè yìí, ìyẹn ọdún 16 àti oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ń gba 150,000 máa fi ọdún méje ààbọ̀ àti díẹ̀ san án. Ẹni tó bá ń gba 300,000 kò ní lò tó ọdún mẹ́rin.

Mo ka ọdún 16 yìí sí màmá mi létí lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé o ti gbọ́ ẹnu ara rẹ báyìí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí owó Nàìjíríà ń ṣe láàárín ọdún 16. Ní 2011, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 18,000. Ní 2019, ó di 30,000. Ní 2024, ó di 70,000. Ká ní ẹnì kan jẹ gbèsè 180,000 tí kò lélé ní 2011: owó oṣù mẹ́wàá gbáko ni lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó tó kéré jù. Tó bá di 2019 láìsan kọ́bọ̀, owó oṣù mẹ́fà ni. Lónìí, kò pé owó oṣù mẹ́ta. Gbèsè náà ò yí padà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ bí omi inú agbada tí wọ́n gbé sóòrùn. Ọ̀wọ́n gógó tó ń dà wá láàmú, tí àjọ ìṣirò ìjọba sọ pé ó kọjá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ní December 2024, òun náà ló ń jẹ irú gbèsè yìí. Lóòótọ́, ó ń jẹ owó oṣù pẹ̀lú, ọ̀gá kan ò sì lè máa fi kún owó oṣù bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, owó oṣù á sún sókè. Gbèsè tí kò lélé ò ní sún.

Àwọn kan wà tó ń sọ pé kí a gbà á kí a má san án, pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sí àjọ ayánilówó tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1972, tí Education Bank 1993 tó gbapò rẹ̀ náà ò sì pẹ́ láyé. Wọ́n sọ òótọ́ nípa ìtàn. Ṣùgbọ́n láyé 1972, kò sí NIN, kò sí BVN. Ẹ má fi ìyẹn tan ara yín jẹ.

Ẹ wá gbé ilẹ̀ Ibafo sórí òṣùwọ̀n kan náà. 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni Èkó ti ń rọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ gba ojú ọ̀nà yẹn, ó gba Ibafo, ó gba Mowe, ó ń lọ sí apá Ọ̀fàdà níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Owó tí a rí lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tí a tà ní 2018 kò lè san owó ilé ọdún méjì lórí yàrá àti pálọ̀ tí mo ń gbé ní Mowe báyìí. Ẹni tó rà á ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síbẹ̀. Ayálégbé mẹ́rin ló ń sanwó fún un lọ́dọọdún. Màmá wa ò ní tà á lówó pọ́ọ́kú nígbà náà ká ní kò sí ìdí. Ìdí náà ni èmi.

Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo jẹ gbèsè yẹn. Kò lélé, kò lọ́jọ́, kò ní ìdá mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí òrùlé ilé bá jò ní Ifọ̀, èmi ni wọ́n ń pè. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń kó èlùbọ́ bá fọ́, èmi ni. Owó WAEC àbúrò mi, èmi ni. Mi ò ráhùn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni ò mọ ìdí? Ohun tí mo ń sọ ni pé bí mo ti ń san tó, gbèsè náà kò dín kù, torí pé ilẹ̀ ló jẹ́, ilẹ̀ sì ń gbówó lórí lọ́dọọdún. Ká ní ẹnì kan ní kí n dá ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì yẹn padà ní ọ̀la, gbogbo owó oṣù mi fún ọdún púpọ̀ ò lè rà á.

Ibí yìí ni ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ti wúlò fún mi. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn ètò ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ náà ni èlé. Ó lè ṣiṣẹ́ lóko olówó fún ogún ọdún, kọ́bọ̀ ò ní kúrò nínú owó tó yá. Ọjọ́ tí owó náà bá pé lẹ́ẹ̀kan ni ìwọ̀fà tó padà sílé. Ọ̀rọ̀ ológò náà wà níbẹ̀. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá kọ̀ tí kò san, wọ́n á rán ológò sí i láti dógò tì í. Ológò á wá jókòó sí agboolé, á máa pariwo, á máa bú wọn, á pàṣẹ oúnjẹ, á pa adìẹ tó bá kọ́kọ́ rí, ì báà jẹ́ ti onígbèsè ì báà jẹ́ ti ará ilé rẹ̀. Ìtìjú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ará ilé ló máa bẹ onígbèsè pé kó lọ wá owó náà níbikíbi.

Nígbà tí mo tún ìwé yẹn kà ni ìbẹ̀rù màmá mi yé mi. Òun ò ka Johnson, ṣùgbọ́n ó mọ ológò. Ó mọ sọgúndogójì. Ó mọ owó gbomú-lé-lántà tí àwọn obìnrin ọjà ń gbà ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, tí ẹnì kan ò bá san tiẹ̀ lọ́sẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á gba ilé rẹ̀ lọ, wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó tún mọ ológò tòde òní: lẹ́yìn ilé wa ní Ifọ̀, ọmọkùnrin kan yá owó lórí áàpù fóònù, kò tètè san, àwọn ayánilówó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀, tòun ti ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, pé olè ni. Nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé àjọ FCCPC ní láti dá sí i ní 2022. Lójú màmá mi, gbogbo gbèsè ló ní ológò tirẹ̀.

Nítorí náà, dípò kí n máa bá a jiyàn lórí náírà, ìbéèrè méjì ni mo fi síwájú rẹ̀. Ta ló máa wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí owó ò bá sí? Bí ọmọ bá sì ń ṣiṣẹ́, ṣé iṣẹ́ náà ń dín owó tó jẹ kù?

Owó NELFUND ò ní ológò. Bí iṣẹ́ ò bá sí, òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹni náà láti búra pé òun ò tíì ní owó tó ń wọlé, wọn ò sì ní lé e. Bí onítọ̀hún bá kú, gbèsè náà bá a lọ, kì í bọ́ sọ́rùn ìdílé. Bí ó bá sì ń ṣiṣẹ́, oṣù kọ̀ọ̀kan ń gé díẹ̀ kúrò nínú owó gan-an. Ó jọ owó orí ju gbèsè tí àwa mọ̀ lọ. Ilẹ̀ tí a bá tà ńkọ́? Ọmọ á ṣiṣẹ́ títí, owó náà ò ní dín kù, àwọn ará ilé ni wọ́n sì máa fìfẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nínú méjèèjì, èyí tí màmá mi ò pè ní gbèsè yẹn ló jọ ìwọ̀fà.

Mi ò sọ pé òfin náà pé. Ìbátan wa kan tí wọ́n bí sí London jẹ owó ilé-ìwé níbẹ̀. Lábẹ́ ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó wọlé láti August 2023, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ, kìkì lórí owó tó bá lé lórí £25,000 lọ́dún. Tó bá pé ogójì ọdún, wọ́n á pa èyí tó kù rẹ́. Tiwọn lélé, tiwa ò lélé, a jù wọ́n lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó kékeré lọ́dọ̀ wọn ò san nǹkan kan. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń gba 70,000 àti ẹni tó ń gba mílíọ̀nù kan, ìdá mẹ́wàá kan náà ni. 7,000 nínú 70,000 kì í ṣe ọmọdé owó. Bí ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá tún ń lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọjú sí.

Ó ku owó tó ń wọlé. Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé Anthropology kò níṣẹ́. Irọ́ ni, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Nínú àwọn tí a jọ jáde tí mo ṣì ń gbúròó wọn, ẹnì kan wà ní ilé ọnà ìjọba. Ẹnì kan ń bá àwọn àjọ aláàánú ṣe ìwádìí ní apá Òkè Ọya. Owó rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fún un, tí oṣù mẹ́ta bá pé á tún padà sílé wá máa wo fóònù. Méjì ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni, owó oṣù wọn kò dé 70,000 tí òfin sọ. Ẹnì kan ń tọ́jú arúgbó ní England. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù POS. Obìnrin kan wà tó ń bá iléeṣẹ́ áàpù kan ṣèwádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń lo nǹkan wọn, dọ́là ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Òun ni gbogbo wa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ní kí á gbèjà kọ́ọ̀sì wa. Ó yẹ ká yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ igi kan kì í di igbó.

Kọ́ọ̀sì wa kì í tètè sanwó, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní 1939 lórí àṣà àti ìgbé-ayé Yorùbá. Ó kú ní 1944. Ìwé tí gbogbo wa ń yá ní láíbìrì yẹn, 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde n'Íbàdàn.

Èmi ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìwádìí ọjà kan n'Íkẹjà. 150,000 náírà ni owó oṣù mi. Wọ́n gbà mí nítorí pé mo lè jókòó ti ìyá àgbà kan lọ́jà fún wákàtí kan, kí ó sọ fún mi bí ó ṣe ń ná owó láìrò pé mò ń fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò. Ẹ̀ka wa ni mo ti kọ́ ìyẹn, mi ò kọ́ ọ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí 150,000 ṣe ń rìn. Láti Mowe dé Berger, láti Berger dé Ìkẹjà, àlọ àti àbọ̀, 3,000 náírà lójúmọ́. Ọjọ́ 22 lóṣù: 66,000. Ó ku 84,000. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni owó ọkọ̀ ti ń ṣe báyìí. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí a jọ ń gba owó oṣù kan náà, ń gbé nílé àwọn òbí rẹ̀ l'Ágége. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta tèmi, kò sì san owó ilé. Ká ní èmi àti ẹ̀ jọ jẹ gbèsè NELFUND, 15,000 ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ó máa ku 69,000 lọ́wọ́ mi, kí n tó jẹun, kí n tó ra káàdì, kí Ifọ̀ tó pè.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba àwọn táàbù ìṣirò tó ń sọ pé kọ́ọ̀sì báyìí ń mú iye báyìí wálé gbọ́ mọ́. Ibi tí èèyàn ń sùn ń jẹ nínú owó oṣù ju kọ́ọ̀sì tó kà lọ. Mo mọ lọ́yà méjì tó ń wọ bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ìdájí pẹ̀lú mi ní Mowe, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ka Law, wọ́n tún lọ sí Law School, owó oṣù ọ̀kan nínú wọn kò tó tèmi. Ọmọ ilé kejì mi tó ń lẹ táìlì máa ń pa ju àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ nínú oṣù tí ilé kíkọ́ bá ya. Tí òjò bá dé, ó lè fi oṣù méjì jókòó. Mo sọ ti táìlì fún màmá mi pẹ̀lú, torí pé ó bi mí, mi ò sì fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ fún un. Àbúrò mi ló kọ̀.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò ilẹ̀ ń gbàgbé. Ọdún mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì mi, ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni mo lò. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Onílé ò yanṣẹ́lódì. Ikùn náà ò yanṣẹ́lódì. Láàárín oṣù 17 yẹn, owó ilẹ̀ ni mò ń jẹ, tó jẹ́ pé nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, èyí tó kù kò tó nǹkan. Owó tí èèyàn kó jọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣòfò bí ilé-ìwé bá ń ti ilẹ̀kùn. Owó tó ń wá ní sáà-sáà ò lè tán kó tó dé.

Nítorí náà, èsì tí mo fún màmá mi nìyí. Anthropology á mú owó wálé, kò ní yára, kò sì ní pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Owó tó máa mú wálé tó láti san gbèsè ìjọba. Kò tó láti ra ilẹ̀ Ibafo padà, láéláé. Kí àbúrò mi gba owó yíyá náà, ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ti oṣooṣù. Kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sì parí, kí ó wá ibi tó máa sùn kó tó wá ibi tó máa ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbà á, ẹ fi sọ́kàn pé owó náà kì í fìgbà gbogbo dé ṣáájú ọjọ́ tí ilé-ìwé fẹ́ gba owó. Ilé-ìwé ní láti kọ́kọ́ fi orúkọ yín ránṣẹ́, NIN àti BVN gbọ́dọ̀ bára mu, lẹ́tà kan tí wọ́n ṣì kọ nínú orúkọ lè dá yín dúró. Àbúrò mi ní "Olú" lórí NIN, "Olúwa" lórí JAMB. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi lé ìyẹn kiri. Nítorí náà, ẹ wá nǹkan tí ẹ máa fi gbé owó àkọ́kọ́ dúró. Èmi lo àjọ tí mò ń dá ní Mowe. Mo bẹ ẹni tó yẹ kó kó ṣáájú mi, ó sì gbà.

Màmá wa ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn pè mí lọ́jọ́ Sunday tó kọjá pé kí n wá ẹni tó máa ro ilẹ̀ Ibafo, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má bàa rò pé kò ní olúwa. Mo ti rí ẹnì kan. 15,000 ló pè é, mo ní kó gba 12,000.